Idán tí kò ní èèwọ̀ ló ń ba eré ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé yín, pàápàá àwọn tó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe eré tiwọn. Eré ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jọ ń jà lójú kan náà: ẹnì kan jẹ́ jagunjagun, ẹnì kejì jẹ́ onídán, ẹnì kẹta jẹ́ ọdẹ, ẹnì kẹrin sì jẹ́ adáhunṣe tó ń wo ọgbẹ́ àwọn yòókù sàn. Àwòrán tí kò dára kọ́ ló ń pa irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa á ni kí ẹ̀yà akọni kan lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, kí àwọn eléré sì rọ́ lọ síbẹ̀ tán. Tí ẹni tó fẹ́ràn ọfà bá ti rí i pé òun kò lè borí láé, yóò pa fóònù rẹ̀ dé, kò sì ní padà wá.

Ayò ọlọ́pọ́n kò ní irú wàhálà yìí. Ilé 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ 48 lápapọ̀. Ohun tó wà níwájú ọ̀ta náà ló wà níwájú òpè. Ọgbọ́n nìkan ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fún ẹnì kan ní idà, tí a fún ẹnì kejì ní iná, a ti kúrò lórí ọpọ́n. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò rí bákan náà mọ́, síbẹ̀ a fẹ́ kí ẹni tó mọ eré ta jù ó borí. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ ìṣírò sì ni.

Ó yẹ kó rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti lóye rẹ̀, nítorí pé nínú ìtàn ọdẹ àti ìtàn ogun tiwa, kò sí agbára tó dá dúró lásán. Àfẹ́ẹ̀rí wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ojú rí òun, ẹ̀gbẹ́ wà fún ẹni tó fẹ́ pòórá níbi ewu, kánàkò ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, òkígbẹ́ kò jẹ́ kí irin wọlé, gbétugbétu ń jẹ́ kí ènìyàn ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìtàn wọ̀nyí nílé: ọfọ̀ ní láti jáde lẹ́nu kó tó jẹ́, ìyẹn ni àkókò ìpè. Oògùn ní èèwọ̀ tí ẹni tó ní in kò gbọ́dọ̀ dá. Ó sì ní ẹ̀rọ̀, ohun tí ẹlòmíràn lè fi sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Àkókò, èèwọ̀, ẹ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí agbára kan nínú eré tó ń mú kí gbogbo ènìyàn bínú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni wọ́n gbàgbé láti fi sí i.

Mo fẹ́ mú World of Warcraft ṣe àpẹẹrẹ, eré ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà, nítorí pé ọdún tí wọ́n ti ń tún un ṣe pọ̀, gbangba ni wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ẹ̀yà akọni 9. Wọ́n ti di 13 báyìí. Àwọn nọ́ńbà tí mo máa lò, ti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí ìpele 60 jẹ́ òpin, nítorí pé wọ́n rọrùn láti ṣírò.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí aṣètò eré máa ń ṣe ni pé iye ọgbẹ́ ló fi ń wọn agbára. Ó ní idà ń dá ọgbẹ́ 100, iná ń dá ọgbẹ́ 100, nítorí náà wọ́n ti dọ́gba. Wọn kò dọ́gba. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ọgbẹ́ 100 náà gbà, kí sì ni ọ̀tá lè ṣe kí àkókò yẹn tó pé? Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà.

Ẹ wo bí World of Warcraft ṣe pín agbára idán tí onídán ń rí gbà lára aṣọ àti ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n mú iye ìṣẹ́jú àáyá tí pípe idán kan gbà, wọ́n fi 3.5 pín in. Ìdá tó bá jáde ni wọ́n ń mú nínú agbára náà láti fi kún ọgbẹ́ idán ọ̀hún. Ká ní agbára 350 ló wà lára aṣọ. Idán tí pípè rẹ̀ gba 3.5 yóò gba gbogbo 350. Èyí tó gba 1.5 yóò gba 150. Ẹ pín iye kọ̀ọ̀kan sí àkókò tirẹ̀, 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni méjèèjì ń jẹ́. Idán tó ń jáde lójú ẹsẹ̀, tí kò gba àkókò ìpè rárá, wọ́n kà á sí 1.5, nítorí pé bí akọni bá ti lo agbára kan, ìṣẹ́jú àáyá 1.5 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó lo òmíràn. Tí aṣètò bá ṣe ọ̀lẹ, tó fi 350 kún gbogbo idán bákan náà, idán kúkúrú yóò máa rí 233 gbà ní ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí èyí tó gùn ń rí 100, kò sì ní sí ẹni tó tún máa pe idán gígùn mọ́. Ìdajì ìwé idán ti di pàǹtírí nìyẹn, nítorí ìlà ìṣírò kan ṣoṣo.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Frostbolt, idán yìnyín tí pípè rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 3, ì bá gba ìdá 85.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n yìnyín náà tún ń fa ẹsẹ̀ ẹni tó bá bà sẹ́yìn. Fún ìdí èyí, wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó di 81.4. Ẹni tó bá fẹ́ dáni dúró kò gbọ́dọ̀ dá ọgbẹ́ tó ti ẹni tó kàn fẹ́ dá ọgbẹ́ nìkan. Èèwọ̀ ni.

Ọ̀ràn kan náà bá àwọn oníidà. Nínú eré náà, agbára ìjà 14 ló ń jẹ́ ọgbẹ́ 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tó ní 1,400 ń rí 100. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìlù ojijì, èyí tí jagunjagun ń tẹ bọ́tìnì fún, máa ń fi bí ohun ìjà náà ṣe lọ́ra tó sọ 100 yẹn di púpọ̀. Àáké Arcanite Reaper, tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3.8, ń fi 380 kún ìlù kan. Idà tó ń bọ́ sílẹ̀ ní 2.8 ń fi 280 kún ìlù kan náà gan-an. Gbogbo ayé wá ń wá ohun ìjà tó lọ́ra jù lọ, bí èyí tó yá tilẹ̀ dára jù ú lọ nínú gbogbo ohun yòókù. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi iye kan ṣoṣo sí oríṣi ohun ìjà kọ̀ọ̀kan: 3.3 fún ọlọ́wọ́ méjì, 2.4 fún ọlọ́wọ́ kan, 1.7 fún ọ̀bẹ, 2.8 fún ọfà àti ìbọn. Àáké tó lọ́ra àti idà tó yá, 330 ni àwọn méjèèjì wá ń fi kún ìlù báyìí.

Ká wá sórí ìhámọ́ra, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ń kọ ètò fúnra wọn ń ṣìṣe jù. Nígbà tí ẹni tó ń lu yín bá wà ní ìpele 60, ìdá tí ìhámọ́ra ń gbà dànù nínú ọgbẹ́ ni iye ìhámọ́ra náà, tí a pín sí àpapọ̀ òun àti 5,500. Ẹni tó ní 5,500 ń gba ìdajì dànù. Ẹni tó ní 11,000 ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Eléré á wò ó, á ní 5,500 àkọ́kọ́ fún òun ní 50, ìkejì fún òun ní 17 péré, á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọni tó ní ẹ̀mí 4,000 tí kò wọ nǹkan kan, ọgbẹ́ 4,000 ló máa pa á. Pẹ̀lú 5,500, ó di 8,000. Pẹ̀lú 11,000, ó di 12,000. Ìkọ̀ọ̀kan fi 4,000 kún un, kò dín, kò lé. Ìdí tí ọ̀nà ìṣírò yẹn fi dára nìyẹn, wọ́n sì tún fi òdiwọ̀n 75 dè é lókè kí ẹnikẹ́ni má bàa di òkúta.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá kàn ń to ìdá lé ìdá. Asà gba 50 dànù, òkígbẹ́ gba 25, ìbùkún adáhunṣe gba 20. Ẹni tó bá ro wọ́n pọ̀ yóò rí 95: ọgbẹ́ 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé, akọni náà sì ti ní ẹ̀mí ìlọ́po 20. Ẹni tó bá sọ wọ́n di púpọ̀ bó ti yẹ, ìyẹn 0.5 lọ́nà 0.75 lọ́nà 0.8, yóò rí 0.3: ọgbẹ́ 30 ló ń wọlé, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì ju ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ohun èlò mẹ́ta kan náà ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni àmì ìròpọ̀ tí wọ́n fi sí ibi tí àmì ìsọdipúpọ̀ yẹ kó wà, ó sì tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. League of Legends, eré ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, bá irú rẹ̀ pàdé lórí àkókò ìsinmi tó wà láàárín lílò agbára kan àti lílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdá ni wọ́n fi ń dín àkókò náà kù tẹ́lẹ̀, òpin rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 40. Láti òdo sí 10, akọni ń lo agbára rẹ̀ ní ìdá 11 sí i. Láti 30 sí 40, ó ń lò ó ní ìdá 17 sí i, ní owó kan náà. Bí ènìyàn ṣe ń rà á sí i ló ń dùn sí i, nítorí náà gbogbo ènìyàn ń rà á dé òpin. Ní ìparí ọdún 2020 wọ́n pa ọ̀nà yẹn tì, wọ́n gbé òmíràn jáde níbi tí 100 ti ń jẹ́ kí akọni lo agbára rẹ̀ nígbà méjì dípò ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ń fi iye kan náà kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìhámọ́ra kò wá ká idán o. Jagunjagun tó le bí àpáta lójú idà, ẹ̀mí 4,000 rẹ̀ náà ló kù sí i lójú iná. Tí aṣètò kò bá rántí èyí, yóò fún onídán ní ọgbẹ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ti idà lórí ìwé, ti onídán yóò sì di ìlọ́po méjì lójú ogun.

Ẹ jẹ́ ká wo ìjà kan ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Jagunjagun dúró ní yáàdì 30 sí onídán. Ènìyàn ń sá yáàdì 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú eré náà. Onídán bẹ̀rẹ̀ sí pe yìnyín, ìṣẹ́jú àáyá 3. Kó tó pé, jagunjagun ti sá 21, ó ku 9. Yìnyín bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ dín ní ìdá 40, ó ń rìn yáàdì 4.2 báyìí. Idà ń dé yáàdì 5, nítorí náà yáàdì 4 ló kù fún un, kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Idán kan péré ni onídán rí pè kí irin tó dé ọrùn rẹ̀. Bí jagunjagun bá tilẹ̀ gbọ́n, kò ní sáré lásán. Ní kété tó bá ti wọ yáàdì 25, yóò lo Charge, kánàkò tirẹ̀, tó ń gbé e dé iwájú ọ̀tá lójú ẹsẹ̀ tó sì ń dá ọ̀tá náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Pípe idán já nìyẹn. Ṣùgbọ́n Charge ní èèwọ̀: kò ṣeé lò tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀. Onídán tó bá fi idán ojú ẹsẹ̀ kàn án ṣáájú, bó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, ti gba kánàkò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní jagunjagun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onídán lo Frost Nova, yìnyín tó ń de ẹsẹ̀ gbogbo ọ̀tá tó wà láàárín yáàdì 10 mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8. Ó lo Blink, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó bọ́ sí yáàdì 20 lọ́hùn-ún. Yìnyín méjì ló lè pè láàárín 8 yẹn, bí èyí àkọ́kọ́ kò bá já ìdè náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ọgbẹ́ lè já a. Frost Nova ní láti sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 25, Blink fún 15. Jagunjagun ní Intercept ní tirẹ̀, kánàkò kejì tó ṣeé lò láàárín ìjà, tó ń dá ọ̀tá dúró fún 3, tó ń ná an ní 10 nínú ìbínú 100 tó lè kó jọ, tó sì ní láti sinmi fún 30. Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: 25, 15, 30. Àwọn gan-an ni ìjà náà. Ẹni tó bá ka ìsinmi ọ̀tá rẹ̀ lórí, tó mọ̀ pé Blink ti jáde lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 6 sẹ́yìn, ló ń borí. Ká wá ní aṣètò kan gbọ́ igbe àwọn onídán, tó sì dín ìsinmi Frost Nova kù láti 25 sí 15. Ó dà bí ohun kékeré, kò fọwọ́ kan ọgbẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 tí jagunjagun ní Intercept kan, onídán ní ìdè méjì: tí kò bá sí òfin tó ń gé ìdè kejì kù, 16 nínú 30 ni ẹsẹ̀ jagunjagun fi wà ní dídè mọ́lẹ̀. Ìjà ti tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Dídè ọ̀tá mọ́lẹ̀ yìí ló ń bí eléré nínú ju ohunkóhun lọ. Èèyàn lè fara da ikú. Ohun tí kò lè fara dà ni kó máa tẹ bọ́tìnì kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Polymorph ń sọ ènìyàn di àgùntàn tó ń rìn kiri, ó sì ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn, ìlù kan ṣoṣo sì ń já a: èèwọ̀ méjì tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí òfin, onídán á sọ ọ́ di àgùntàn, á tún un sọ, á tún un sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òfin tí eré náà ṣe ni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni ìdè ń pé, ìgbà kejì ó di ìdajì, ìgbà kẹta ó di ìdá mẹ́rin, ìgbà kẹrin kò mú un mọ́ rárá. Ìdè tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 8 yóò di 8, 4, 2, òdo: 14 lápapọ̀, ó tán. Tí ara ọ̀tá bá wà láìsí ìdè irú yẹn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ìṣírò náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ihò kan ṣì wà níbẹ̀. Oríṣi ìdè kọ̀ọ̀kan ní ìṣírò tirẹ̀. Nínú ìjà ẹni mẹ́ta sí mẹ́ta, ẹgbẹ́ Rogue, Mage àti Priest di olókìkí nítorí èyí. Rogue, apani lábẹ́lẹ̀, ń dáni dúró fún 4 pẹ̀lú Cheap Shot àti tó 6 pẹ̀lú Kidney Shot. Mage, onídán, ń sọni di àgùntàn. Priest, adáhunṣe, ń fi Psychic Scream da ìpayà boni fún 8. Oríṣi ìdè mẹ́ta, ìṣírò mẹ́ta, ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkejì parí sí. Ẹ̀rọ̀ tí wọ́n pèsè láti ọdún 2007 ni ohun ọ̀ṣọ́ kan tó ń já gbogbo ìdè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń sinmi fún ìṣẹ́jú 2. Ó dára, torí pé ó ń fi ìpinnu lé ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́: ṣé kí n lò ó báyìí, àbí kí n dúró de èyí tó burú jù? Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń ṣe eré tuntun ni pé kó jẹ́ kí oríṣi ìdè má ju méjì lọ, kó sì kọ àpapọ̀ tí ẹgbẹ́ kan lè fi de ẹnì kan láàárín ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun nípa ọgbẹ́.

Ẹ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nínú eré náà ni dídá ọfọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Rogue ní Kick: tó bá gbá onídán nígbà tó ń pe idán lọ́wọ́, idán náà já, ẹ̀ka idán tó ń pè sì tì mọ́ ọn lẹ́nu fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ̀ka yẹn nìkan o. Ẹni tí yìnyín tì mọ́ lẹ́nu ṣì lè pe iná. Kick ń sinmi fún 10. Nítorí náà onídán tó mọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí pe yìnyín, yóò dé ìdajì, yóò wá dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí Rogue lè fi ìpá ṣòfò. Bí ìpá náà bá ti kọjá lófìfo, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 10 láti pe ohun tó bá wù ú. Ẹ̀tàn ń bá ẹ̀tàn jà, kò sì sí nọ́ńbà ọgbẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ̀ báyìí ní ìṣòro kan tó kan àwa tó wà níbí tààrà. Ojú ènìyàn gba bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kó tó rí nǹkan kí ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹni tó ń ta irú eré yìí láti Èkó sábà máa ń bá sáfà Yúróòpù sọ̀rọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí eré náà. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ lè jẹ ìdá 0.1 sí 0.2 ìṣẹ́jú àáyá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú íntánẹ́ẹ̀tì rí ní Nàìjíríà. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: idán tí pípè rẹ̀ gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kò ní ẹ̀rọ̀ fún eléré Èkó, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Idán tí a bá fẹ́ kí ẹlòmíràn lè dá mọ́ni lẹ́nu, kí pípè rẹ̀ má ṣe kéré sí 1.5. World of Warcraft tún fi ohun rere kan kún un: tí eléré bá tẹ bọ́tìnì agbára tó kàn nígbà tó ku ìdá 0.4 kí ti ìṣáájú parí, sáfà á gbà á pamọ́, á sì ṣe é lójú ẹsẹ̀ tí àyè bá yọ. Ẹni tó jìnnà kò ní máa pàdánù díẹ̀díẹ̀ láàárín ìlù kan àti òmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe eré fún àwọn tó ń fi dátà fóònù ta á, kó fi èyí sí i láti ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí àìsí èèwọ̀ ń fà, ẹ wo Death Knight tó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Irin ló wọ̀, bíi jagunjagun. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti idán, tí ìhámọ́ra kò ká. Ó ń wo ara rẹ̀ sàn láti inú ìlù rẹ̀. Tí ọ̀tá bá sá, Death Grip ń fà á padà láti yáàdì 30. Tí onídán bá sì kọjú sí i, Anti-Magic Shell ń gba ìdá 75 nínú ọgbẹ́ idán dànù fún ìṣẹ́jú àáyá 5, lẹ́ẹ̀kan ní 45. Ẹ gbé agbára kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ kó wọn papọ̀ sára ẹnì kan: ó ní idà, ó ní idán, ó ní ẹ̀rọ̀ idán, kò sì sí ohun tó ń sá fún. Òun àti Paladin olùwòsàn ló gba iwájú nínú ìdíje ẹni méjì-méjì ti ìgbà yẹn, ó sì gba àtúnṣe lórí àtúnṣe kí wọ́n tó mú un wálẹ̀. Nítorí náà, kí aṣètò tó fún ẹ̀yà kan ní agbára tuntun, kó kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ̀yà náà kò gbọ́dọ̀ ní láé sílẹ̀.

Nípa àtúnṣe, sùúrù ni. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kó má sì ju ìdá 5 sí 10 lọ. Tí ẹ bá dín ọgbẹ́ kù, tí ẹ fi ìsinmi kún un, tí ẹ tún gé ẹ̀mí lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ má sì tètè gba àbọ̀ ìjà díẹ̀ gbọ́. Tí ẹ̀yà kan bá borí nínú 56 lára ìjà 100, kò tíì sí ẹ̀rí kankan, nítorí pé oríire lásán lè gbé iye yẹn sókè tàbí sílẹ̀ tó 10. Nínú ìjà 2,500 ni oríire kò ti ní ju bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú 10,000, bí ìdá 1. Ẹ tún ya àwọn ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òpè nígbà tí ẹ bá ń kà á. Rogue tó ń pa àwọn òpè bí ẹfọn lè má já mọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tó mọ eré. Tí ẹ bá pọ̀ wọ́n mọ́ra, yóò jẹ́ 50, ẹ ó sì rò pé ó dára.

Ohun kan tún wà tí ẹnu kì í pẹ́ kò lórí: nọ́ńbà kan kò lè sin ọ̀gá méjì. Idán tó yẹ fún pípa ẹbọra tí ẹ̀mí rẹ̀ tó mílíọ̀nù kò yẹ fún ènìyàn tó ní 4,000. Guild Wars, eré mìíràn lára irú èyí, ya ìwé agbára sí méjì ní ọdún 2008, ọ̀kan fún ìjà pẹ̀lú ẹ̀dá inú eré, èkejì fún ìjà ènìyàn sí ènìyàn, World of Warcraft náà sì wá fi ìdá ọ̀tọ̀ sí ọ̀pọ̀ agbára tí a bá lò ó lórí ènìyàn. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà kan péré ni nínú ètò.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fún irú ọ̀rọ̀ yìí ní àyè lójú ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín lóṣooṣù, kí àwọn tó ń ṣe eré lè máa kọ ìṣírò wọn síbẹ̀ ní èdè wa, kí àwọn mìíràn sì máa tún un ṣe fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà 9. Ẹ̀yà 9 ní ìdojúkọ 36 tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, 13 ní 78, tí ẹ bá sì fi 13 yan ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta láìtún ẹ̀yà kankan yàn, 286 ni. Ẹ̀yà 3 ní ìdojúkọ 3 péré. Jagunjagun, ọdẹ, onídán, agbára mẹ́rin-mẹ́rin, ìwé kan níbi tí a ti kọ àkókò ìpè, èèwọ̀ àti ẹ̀rọ̀ agbára kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tí àyè ẹ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣófo, kó má tíì wọ inú eré.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn